Ta ló ń gba dọ́là kan, ta ló ń gba sẹ́ǹtì 83?

Ọ̀rọ̀ kan wà tó jẹ́ pé bí wọ́n bá ti dá a sílẹ̀ báyìí, ìjà ti dé nìyẹn. Ẹnì kan á ní: "Ní Amẹ́ríkà, tí ọkùnrin bá gba dọ́là kan, sẹ́ǹtì 83 lobìnrin ń gbà." Kò tíì panu dé tí ẹlòmíràn á fi dá a lóhùn: "Irọ́ gbuu! Òfin ti ka ìyẹn léèwọ̀ láti ọdún 1963. Tó bá jẹ́ pé owó obìnrin rọ̀ tó bẹ́ẹ̀, kí ló dé tí àwọn ilé iṣẹ́ kò lé gbogbo ọkùnrin lọ sílé, kí wọ́n kó obìnrin nìkan síṣẹ́?" Wọ́n á fa ọ̀rọ̀ náà títí, kálukú á sì padà sílé pẹ̀lú ohun tó gbé wá.

Èmi rò pé òtítọ́ wà lọ́wọ́ àwọn méjèèjì. Iye tí ẹni àkọ́kọ́ sọ wà nínú ìwé ìjọba. Òfin tí ẹnì kejì tọ́ka sí náà wà níbẹ̀ digbí. Ibi tí wọ́n ti ṣì í ni pé ọ̀rọ̀ méjì ni wọ́n ń sọ, orúkọ kan ṣoṣo ni wọ́n sì ń pe méjèèjì: àlàfo owó oṣù. Ẹ jẹ́ ká tú u wò.

Bí wọ́n ṣe ń rí iye yẹn

Àjọ ìkànìyàn Amẹ́ríkà ló ń gbé e jáde lọ́dọọdún. Ẹ fojú inú wò ó pé wọ́n kó gbogbo obìnrin tó ṣiṣẹ́ kíkún láti oṣù kìíní dé oṣù kejìlá jọ, tí wọ́n ní kí wọ́n tò sórí ìlà, ẹni tí owó rẹ̀ kéré jù níwájú, ẹni tí tirẹ̀ pọ̀ jù lẹ́yìn. Wọ́n wá mú ẹni tó bọ́ sí àárín gan-an, wọ́n bi í pé èló ló gbà. Wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀ fún àwọn ọkùnrin náà. Lẹ́yìn èyí, wọ́n fi owó obìnrin àárín yẹn wé ti ọkùnrin àárín. Lọ́dún 2023, bí ti ọkùnrin bá jẹ́ 100, nǹkan bíi 83 ni ti obìnrin. Lọ́dún 1963, 59 ni.

Ẹ kíyè sí ohun tí wọn kò béèrè. Wọn kò béèrè bóyá dókítà ni tàbí akọ̀wé. Wọn kò béèrè iye ọdún tó ti lò lẹ́nu iṣẹ́, ìwé tó kà, tàbí iye wákàtí tó fi kọjá ogójì lọ́sẹ̀. Nítorí náà, ẹni tó bá ní "sẹ́ǹtì 83 fún iṣẹ́ kan náà" ti fi ohun tí kò sí níbẹ̀ kún un. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá torí ìyẹn sọ pé iye náà kò wúlò, òun náà ti sáré jù.

Ẹ wo ilé iṣẹ́ kan tí mo fọwọ́ ara mi kọ́ nítorí àlàyé yìí. Èèyàn mẹ́wàá ló wà níbẹ̀, ọkùnrin márùn-ún, obìnrin márùn-ún. Ọ̀gá méjì ló ń gba 1,000 dọ́là lọ́sẹ̀ ẹnì kọ̀ọ̀kan. Àwọn mẹ́jọ yòókù jẹ́ òṣìṣẹ́ kékeré, 300 dọ́là ni kálukú wọn ń gbà. Ọkùnrin ni ọ̀gá méjèèjì.

Ṣé wọ́n ń rẹ́ ẹnikẹ́ni jẹ nínú iṣẹ́ kan náà? Rárá o. Obìnrin òṣìṣẹ́ kékeré àti ọkùnrin òṣìṣẹ́ kékeré, 300 ni, 300 ni. Ó dáa. Ẹ wá ro gbogbo owó àwọn ọkùnrin pọ̀, 2,900, kí ẹ pín in sí márùn-ún: ó di 580. Ti obìnrin, 300. Ẹni tó bá ṣírò báyìí á kọ ọ́ sínú ìwé ìròyìn pé àlàfo 48 nínú ọgọ́rùn-ún ló wà níbẹ̀, kò sì purọ́. Àmọ́ tí ẹ bá tò wọ́n sórí ìlà bí àjọ ìkànìyàn ti ń ṣe, ọkùnrin tó wà láàárín ń gba 300, obìnrin tó wà láàárín ń gba 300. Àlàfo: òdo! Agbẹnusọ ilé iṣẹ́ á jáde síta, á ní àwọn kò ní àlàfo kankan, òun náà kò purọ́. Ìwé owó oṣù kan ṣoṣo ni gbogbo wọn ń kà.

Ìdí nìyí tí mo fi máa ń sọ pé kí a má tíì gba iye kankan gbọ́, kí a má sì tíì kọ̀ ọ́, títí a ó fi mọ irú ìbéèrè tó ń dáhùn. Ìbéèrè kan ni: ṣé owó tí wọ́n ń san fún iṣẹ́ kan náà yàtọ̀ síra? Ìkejì ni: ta ni wọ́n ń jẹ́ kó dé ibi tí owó wà? Àwọn obìnrin márùn-ún inú àpẹẹrẹ mi kò ní ẹjọ́ kankan lórí ìbéèrè àkọ́kọ́. Lórí ìkejì, ọ̀rọ̀ pọ̀ lẹ́nu wọn.

Iṣẹ́ kan náà, owó ọ̀tọ̀

Ìbéèrè àkọ́kọ́ ni òfin ti dì mú jù. Àjọ àwọn òṣìṣẹ́ lágbàáyé, ILO, ti fọwọ́ sí àdéhùn kan lọ́dún 1951 pé iṣẹ́ tí ìwúlò rẹ̀ bá dọ́gba, kí owó ọkùnrin àti obìnrin dọ́gba níbẹ̀. Ààrẹ John F. Kennedy fọwọ́ sí ti Amẹ́ríkà ní oṣù kẹfà 1963, àmọ́ ọ̀rọ̀ ako àti abo nìkan ni òfin yẹn sọ. Òfin ẹ̀tọ́ ará ìlú ti 1964 ló wá fi àwọ̀, ẹ̀yà, ẹ̀sìn àti ibi tí èèyàn ti wá kún un. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣe tirẹ̀ lọ́dún 1970, wọ́n sì fún àwọn agbanisíṣẹ́ láyè títí di òpin 1975 kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ lé e.

Kí òfin wọ̀nyí tó dé, wọn kì í fi í pamọ́ rárá. Inú ìwé ni wọ́n ń kọ ọ́ sí. Ní ìlú Norfolk, ìpínlẹ̀ Virginia, ìgbìmọ̀ ilé ẹ̀kọ́ ní ìwé owó oṣù méjì lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, ọ̀kan fún olùkọ́ aláwọ̀ funfun, ọ̀kan fún aláwọ̀ dúdú. Olùkọ́ dúdú kan tó ń jẹ́ Aline Black pè wọ́n lẹ́jọ́ lọ́dún 1939. Kí ni wọ́n ṣe? Wọn kò tún ìwé iṣẹ́ rẹ̀ ṣe mọ́, iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Olùkọ́ mìíràn, Melvin Alston, gba ẹjọ́ náà ṣe, Thurgood Marshall sì wà lára àwọn agbẹjọ́rò rẹ̀. 921 dọ́là ni Alston ń gbà lọ́dún. Olùkọ́ funfun tó jẹ́ ọkùnrin, tó ń kọ́ni ní irú ilé ìwé girama bẹ́ẹ̀, 1,200 dọ́là ni owó tó kéré jù tí wọ́n lè san fún un. Ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn dá Alston láre lọ́dún 1940. Mo fẹ́ràn ẹjọ́ yìí fún àlàyé nítorí pé kò sí kọ́lọ́fín nínú rẹ̀: ìwé ẹ̀rí kan náà, iṣẹ́ kan náà, ṣọ́ọ̀kì àti bọ́ọ̀dù kan náà, àwọ̀ ara nìkan ló jẹ 279 dọ́là.

Ẹ tún rántí ìbéèrè ẹnì kejì wa ìṣáájú, pé tí obìnrin bá rọ̀ lówó, kí ló dé tí wọn kò gba obìnrin nìkan. Wọ́n ṣe é rí o! Ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, àwọn ìgbìmọ̀ ilé ẹ̀kọ́ Amẹ́ríkà kó obìnrin wọ iṣẹ́ olùkọ́ rẹpẹtẹ, ọ̀kan lára ìdí rẹ̀ sì ni pé owó tí wọ́n ń san fún wọn kò tó ti ọkùnrin. Iṣẹ́ náà di iṣẹ́ obìnrin, owó rẹ̀ sì jókòó síbi tí wọ́n gbé e kà. Níbi tí wọn kò ti ṣe é, ó sábà máa ń jẹ́ pé ẹni tó ń sanwó kò gbà lọ́kàn ara rẹ̀ pé iṣẹ́ obìnrin náà tó ti ọkùnrin. Ẹni tí kò bá gbà pé ọjà dára kò ní sọ pé òun rí i rà lówó pọ́ọ́kú.

Lẹ́yìn tí òfin dé, owó tó yàtọ̀ síra kò tán nílẹ̀, inú òkùnkùn ló wọ̀. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní BBC fi èyí hàn dáadáa. Lọ́dún 2017, wọ́n ní dandan ni kí ilé iṣẹ́ náà gbé orúkọ àwọn gbajúmọ̀ rẹ̀ tó ń gba ju 150,000 pọ́n-ùn lọ síta. Carrie Gracie, tó jẹ́ olóòtú ìròyìn láti China, wá orúkọ ara rẹ̀, kò sí níbẹ̀: 135,000 ni tirẹ̀. Ó rí orúkọ Jon Sopel, tó ń ṣe irú iṣẹ́ náà láti Amẹ́ríkà, láàárín àwọn tó ń gba 200,000 sí 249,999. Obìnrin yìí ti lé lọ́gbọ̀n ọdún ní BBC. Ó fi ipò náà sílẹ̀ ní oṣù kìíní 2018. Ní oṣù kẹfà wọ́n tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n san gbèsè ẹ̀yìn fún un, ó sì kó gbogbo rẹ̀ fún ẹgbẹ́ kan tó ń jà fún ẹ̀tọ́ obìnrin. Tí kì í bá ṣe ìwé tí wọ́n fipá mú wọn gbé jáde yẹn, ibo ló ti máa mọ̀?

Èmi náà ti rí kékeré rẹ̀ rí. Níbi iṣẹ́ kan tí mo ti ṣe nígbà kan, ẹnìkan gbàgbé pépà owó oṣù rẹ̀ sórí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé. Àwa mẹ́rin la kà á kó tó padà wá mú un. Kò sẹ́ni tó sọ ohunkóhun, ṣùgbọ́n àárín wa kò rí bó ti rí tẹ́lẹ̀ mọ́, nítorí pé obìnrin tó kọ́ ẹni náà níṣẹ́ wà lára àwa mẹ́rin.

Ta ló ń dé ibi tí owó wà?

Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ ti jinlẹ̀ jù, ibẹ̀ náà sì ni àwọn èèyàn kì í dúró pẹ́ sí.

Àwọn onímọ̀ ọrọ̀ ajé méjì, Francine Blau àti Lawrence Kahn, gbé owó òṣìṣẹ́ Amẹ́ríkà ọdún 2010 yẹ̀ wò. Owó wákàtí kan obìnrin fi nǹkan bíi 21 nínú ọgọ́rùn-ún kéré sí ti ọkùnrin. Lẹ́yìn náà wọ́n yọ gbogbo ohun tí wọ́n lè wọ̀n kúrò: ìwé kíkà, ọdún lẹ́nu iṣẹ́, irú iṣẹ́, irú ilé iṣẹ́, ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́. Àlàfo náà sún kì dé nǹkan bíi 8. Mẹ́jọ yìí ni wọ́n ń pè ní èyí tí kò ní àlàyé.

Ẹni tó kọ̀ láti gba ọ̀rọ̀ yìí á pariwo níbí pé: "Ẹ ò rí i! Mẹ́tàlá nínú rẹ̀ ti ní àlàyé." Bẹ́ẹ̀ ni, ó ní àlàyé. Ṣùgbọ́n tí dókítà bá ti mọ ìdí tí ibà fi ń ṣe ọ́, ṣé ibà ti lọ nìyẹn? "Irú iṣẹ́" tí wọ́n yọ kúrò yẹn, ta ló pín in? Tí wọn kò bá fi ọ́ jẹ ọ̀gá nítorí pé obìnrin ni ọ́, tí wọ́n wá fi owó rẹ wé ti àwọn tí kì í ṣe ọ̀gá bíi tìẹ, ìṣirò náà á ní kò sí ohun tó ṣe ọ́. Ìwà ìrẹ́jẹ ti wọlé láti ẹnu ọ̀nà, kó tó di pé a bẹ̀rẹ̀ sí í kà. Ní ìdà kejì ẹ̀wẹ̀, mẹ́jọ tó kù kì í ṣe ẹ̀rí pé ìrẹ́jẹ ni gbogbo rẹ̀. Ohun tí ìwé kò lè wọ̀n lè wà nínú rẹ̀. Ẹni tó bá ní òun mọ iye ìrẹ́jẹ gan-an sí sẹ́ǹtì kan, ẹ rọra gbọ́ ọ.

Ẹ jẹ́ ká wo ẹnu ọ̀nà yẹn ní ti àwọ̀ ara. Àwọn onímọ̀ ọrọ̀ ajé méjì mìíràn, Marianne Bertrand àti Sendhil Mullainathan, fi ìwé ìwáṣẹ́ tó sún mọ́ 5,000 ránṣẹ́ sí àwọn tó polówó iṣẹ́ nínú ìwé ìròyìn ní Boston àti Chicago, wọ́n sì gbé èsì rẹ̀ jáde lọ́dún 2004. Àwọn tó ń wáṣẹ́ inú ìwé náà kò sí láyé, wọ́n kàn ṣe wọ́n ni. Wọ́n kọ orúkọ tí wọ́n mọ̀ mọ́ aláwọ̀ funfun, bí Emily àti Greg, sórí àwọn kan, wọ́n kọ orúkọ tí wọ́n mọ̀ mọ́ aláwọ̀ dúdú, bí Lakisha àti Jamal, sórí àwọn kan. Ẹ̀kọ́ àti ìrírí tó wà nínú wọn kò yàtọ̀. Ẹni tó ń jẹ́ orúkọ funfun ní láti fi nǹkan bí ìwé mẹ́wàá ránṣẹ́ kí wọ́n tó pè é lẹ́ẹ̀kan. Ẹni tó ń jẹ́ orúkọ dúdú, mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Kò sẹ́ni tó rí ojú ẹnikẹ́ni o. Kò sí sí ìwé owó oṣù kankan tí èyí máa hàn sí, torí ẹni tí wọn kò pè kò sí nínú ìwé owó oṣù.

Ìgbà mìíràn, òfin fúnra rẹ̀ ló ń pín in. Nígbà tí Amẹ́ríkà ṣe òfin owó iṣẹ́ tó kéré jù àti owó àṣekún lọ́dún 1938, wọ́n yọ àwọn tó ń ṣiṣẹ́ oko àti àwọn tó ń ṣiṣẹ́ inú ilé onílé sílẹ̀. Òfin náà kò dárúkọ àwọ̀ kankan. Ṣùgbọ́n ní gúúsù orílẹ̀-èdè náà nígbà yẹn, ibi iṣẹ́ méjì yẹn gan-an ni ọ̀pọ̀ aláwọ̀ dúdú wà, àwọn obìnrin wọn pàápàá. Ọ̀pọ̀ alágbàṣe oko dúró títí di 1966, àwọn aláṣe inú ilé títí di 1974. Ẹ ro ohun tí ọdún mẹ́rìndínlógójì láìní òfin máa ń ṣe sí owó ilé, sí owó ìfẹ̀yìntì, sí owó ilé ìwé ọmọ. Tí àwọn ọmọ wọn bá wá dé ibi iṣẹ́ lónìí, tí ìwé tí wọ́n kà kò tó ti ẹlòmíràn, onímọ̀ ìṣirò á kọ ọ́ pé "ìwé kíkà ló fà á", àlàyé á sì ti pé.

Èyí mú mi dé orí ohun kan tó máa ń da ọ̀pọ̀ èèyàn láàmú: ta ni kí a fi wé ta? Tí wọ́n bá ní lọ́dún 2022, obìnrin aláwọ̀ dúdú ní Amẹ́ríkà gba nǹkan bíi sẹ́ǹtì 69, tí obìnrin Latina (ẹni tí ìran rẹ̀ wá láti Latin America) gba nǹkan bíi 57, ọkùnrin aláwọ̀ funfun ni wọ́n fi wọ́n wé. Tí ẹ bá fi obìnrin dúdú wé ọkùnrin dúdú dípò bẹ́ẹ̀, àlàfo náà á kéré sí i gan-an. Ìyẹn kì í ṣe ìròyìn ayọ̀ o. Owó ọkùnrin dúdú fúnra rẹ̀ ló wà nísàlẹ̀, òun ló jẹ́ kí wọ́n sún mọ́ra. Lára obìnrin dúdú, ẹrù méjì ló wà lórí kan, bí ẹ bá sì gbé ọ̀kan kúrò lójú ìwọ̀n, ẹ ò ní mọ bó ṣe wúwo tó. Bẹ́ẹ̀ náà ni tí wọ́n bá ní àwọn ará Asia ń gba ju aláwọ̀ funfun lọ níbẹ̀: onímọ̀ kọ̀ǹpútà láti India àti ẹni tó sá ogun wá láti Laos ni wọ́n rò pọ̀ tí wọ́n pín sí méjì.

Àwọn iṣẹ́ tó di ti obìnrin ńkọ́? Òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gbà kí a fi iṣẹ́ méjì tí kò jọra wé ara wọn, bí ìwúlò wọn bá dọ́gba ní ti òye, agbára, ojúṣe àti ìpinnu tí wọ́n ń gbà. Ní Birmingham, àwọn obìnrin tó ti jẹ́ alásè, agbálẹ̀ àti olùtọ́jú arúgbó fún ìgbìmọ̀ ìlú sọ pé àwọn wà ní ìpele kan náà pẹ̀lú àwọn ọkùnrin tó ń kó ìdọ̀tí, tó ń gbálẹ̀ òpópónà, tó ń gbẹ́ sàréè. Owó orí ìwé bára mu. Ṣùgbọ́n àwọn ọkùnrin ń gba àjẹmọ́nú lórí rẹ̀, àwọn kò rí gbà. Lọ́dún 2012 ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní kí ẹjọ́ 174 nínú wọn máa lọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọ́n ti kúrò lẹ́nu iṣẹ́. Ìlú náà ti san ju bílíọ̀nù kan pọ́n-ùn lọ láti ìgbà náà, ní oṣù kẹsàn-án 2023 ó sì kéde pé àpò òun ti gbẹ, ó sì ka gbèsè owó oṣù yìí mọ́ ohun tó fà á. Ẹ ṣàkíyèsí ibi tí àlàfo náà sá sí: kò sí nínú owó oṣù gangan, inú àjẹmọ́nú ló ba sí.

Ọmọ, àti wákàtí

Claudia Goldin, tó gba ẹ̀bùn Nobel nínú ọrọ̀ ajé lọ́dún 2023, ti fi ọ̀pọ̀ ọdún wo iṣẹ́ obìnrin láti igba ọdún sẹ́yìn. Ohun tó ń tẹnu mọ́ ni pé lóde òní, ní àwọn ilẹ̀ tó ti lówó lọ́wọ́, àlàfo tó pọ̀ jù máa ń ṣí sílẹ̀ lẹ́yìn ọmọ àkọ́kọ́. Ní Denmark, níbi tí ilé ìtọ́jú ọmọ wà káàkiri, àwọn olùwádìí rí i pé owó tí obìnrin ń rí lẹ́yìn ọmọ máa ń fi nǹkan bíi 20 nínú ọgọ́rùn-ún já wálẹ̀ sí ti ọkùnrin, kì í sì í gòkè padà. Ti bàbá ọmọ kì í mì.

Goldin ní àwọn iṣẹ́ kan wà tó jẹ́ oníwọra. Agbẹjọ́rò tó ṣe ọgọ́ta wákàtí lọ́sẹ̀ kì í gba ìlọ́po méjì ẹni tó ṣe ọgbọ̀n. Ó máa ń jù bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa, torí òun ni oníbàárà lè pè lóru. Nígbà tí ọmọ bá dé, ẹnì kan nínú tọkọtaya ní láti wà níbi tí wọ́n á ti lè pè é láti ilé ìwé pé ara ọmọ gbóná. Ẹni yẹn kì í wọ iṣẹ́ oníwọra. Ẹ mọ ẹni tó sábà máa ń jẹ́.

Àpẹẹrẹ tó ya èmi lẹ́nu jù ni ti àwọn awakọ̀ Uber ní Amẹ́ríkà. Ẹ̀rọ ló ń pín iṣẹ́ fún wọn, ìlànà kan náà ló sì ń ṣírò owó gbogbo wọn. Bí "ó" ti èdè wa ni ẹ̀rọ náà rí, kò mọ ako yàtọ̀ sí abo. Síbẹ̀, nígbà tí àwọn onímọ̀ ọrọ̀ ajé wo àkọsílẹ̀ awakọ̀ tó lé ní mílíọ̀nù kan, ọkùnrin ń rí nǹkan bíi 7 nínú ọgọ́rùn-ún jù lọ ní wákàtí kan. Eré tí wọ́n ń sá lójú pópó jẹ́ bí ìdajì rẹ̀: ọkùnrin ń yára wakọ̀. Ìyókù jẹ́ ọ̀rọ̀ ìrírí, torí obìnrin tètè ń fi iṣẹ́ náà sílẹ̀, àti àdúgbò tí kálukú ti ń ṣiṣẹ́. Kò sí ọ̀gá kankan níbẹ̀ tó rẹ́ ẹnikẹ́ni jẹ. Mo mú un wá kí ẹ lè rí i pé kì í ṣe gbogbo àlàfo ló ní ọ̀daràn lẹ́yìn. Èmi kò sì ní sọ pé nítorí ìyẹn, kò sí ọ̀daràn ní ibòmíràn.

Bí kékeré ṣe ń di ńlá

Ẹ mú bírò. Ẹni méjì wọṣẹ́ lọ́jọ́ kan náà, ọ̀kan gba 50,000 dọ́là lọ́dún, ìkejì gba 45,000. Lọ́dọọdún wọ́n ń fi 3 nínú ọgọ́rùn-ún kún owó àwọn méjèèjì, wọn kò ṣe ojúsàájú mọ́ rárá. Lẹ́yìn ọgbọ̀n ọdún, 5,000 tó wà láàárín wọn ti lé ní 12,000 lọ́dún, gbogbo ohun tí ìkejì sì ti pàdánù lé ní 237,000 dọ́là. A ò tíì ka owó ìfẹ̀yìntì, tí wọ́n ń ṣírò láti ara owó oṣù.

Ìdí nìyẹn tí ìbéèrè kan tó dà bí ẹni pé kò lẹ́wu, "Èló lò ń gbà níbi tó o ti ń bọ̀?", fi burú. Ẹni tí wọ́n bá rẹ́ jẹ níbi iṣẹ́ àkọ́kọ́ á gbé ìrẹ́jẹ náà lọ sí ìkejì, tí ọ̀gá tuntun á kàn fi díẹ̀ kún un, tí á sì rò pé òun ṣoore. Ìpínlẹ̀ Massachusetts ní Amẹ́ríkà ṣe òfin lọ́dún 2016 láti fòpin sí ìbéèrè yìí nígbà ìgbanisíṣẹ́, California àti ìlú New York náà sì ṣe tiwọn. Colorado lọ síwájú: láti ìbẹ̀rẹ̀ 2021, ẹni tó bá polówó iṣẹ́ gbọ́dọ̀ kọ iye tó fẹ́ san sí i. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ilé iṣẹ́ tó bá ní òṣìṣẹ́ 250 gbọ́dọ̀ gbé àlàfo ọkùnrin àti obìnrin rẹ̀ síta lọ́dọọdún láti 2017. Iceland ló le jù: láti 2018, ilé iṣẹ́ tó bá ní òṣìṣẹ́ 25 ní láti gba ìwé ẹ̀rí pé òun ń san owó tó dọ́gba. Ilé iṣẹ́ ni wọ́n gbé ẹrù ẹ̀rí lé lórí, wọn kò gbé e lé òṣìṣẹ́ lórí pé kó lọ wá a.

Nítorí wíwá a gan-an ni ìṣòro. Lilly Ledbetter bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ táyà Goodyear ní Gadsden, ìpínlẹ̀ Alabama, lọ́dún 1979. Wọ́n ti sọ fún un pé kò gbọ́dọ̀ bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ owó oṣù. Lọ́dún 1998, ó bá ìwé pélébé kan níbi tí wọ́n ń fi lẹ́tà rẹ̀ sí: owó oṣù tirẹ̀ wà lórí rẹ̀, ti àwọn ọkùnrin mẹ́ta tí wọ́n jọ wà ní ipò kan náà wà níbẹ̀ pẹ̀lú. 3,727 dọ́là ni òun ń gbà lóṣù. Nínú gbogbo ọkùnrin tó wà ní ipò náà, ẹni tó kéré jù ń gba 4,286, ẹni tó pọ̀ jù ń gba 5,236. Ó pè wọ́n lẹ́jọ́, àwọn ìgbìmọ̀ adájọ́ dá a láre. Lọ́dún 2007 ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ yí i padà, adájọ́ márùn-ún sí mẹ́rin: wọ́n ní láàárín 180 ọjọ́ tí wọ́n gbé ìpinnu owó náà kalẹ̀ ló yẹ kó ti wá. Ní ọ̀rọ̀ mìíràn, kó ti pe ẹjọ́ lórí ohun tí wọ́n fi pamọ́ fún un, kó tó mọ̀ pé ó wà.

Ní 29 oṣù kìíní 2009, Ààrẹ Obama fọwọ́ sí òfin tó ń jẹ́ orúkọ Ledbetter, òfin àkọ́kọ́ tó fọwọ́ sí. Láti ìgbà náà, owó oṣù kọ̀ọ̀kan tí wọ́n bá san pẹ̀lú ìrẹ́jẹ ń tún àkókò ẹjọ́ bẹ̀rẹ̀. Ledbetter fúnra rẹ̀ kò rí kọ́bọ̀ gbà nínú ẹjọ́ náà. Ó kú ní oṣù kẹwàá 2024. Ìwé pélébé tó bẹ̀rẹ̀ gbogbo rẹ̀ kò ní orúkọ ẹni tó kọ ọ́ lórí.